Mẹ́fà Tó Kù Lórí Àtẹ̀gùn Àlájì

Ìyá Àlájì Gàníyù ni ẹni àkọ́kọ́ tó gun àtẹ̀gùn ilé tuntun náà, òun náà sì ni ẹni àkọ́kọ́ tí àtẹ̀gùn náà bì ṣubú. Mo wà níbẹ̀. Iṣẹ́ ìròyìn ló gbé mi lọ. Ìwé ìròyìn kékeré kan tí à ń tẹ̀ ní èdè Faransé ní Àjàṣẹ́ ni mo ń bá ṣiṣẹ́ nígbà náà, lọ́dún díẹ̀ lẹ́yìn òmìnira, ọ̀gá mi sì ti sọ fún mi láàárọ̀ ọjọ́ náà pé, "Lọ wo ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí wọ́n fẹ́ ṣí ní àdúgbò Djègan-Kpèvi. Kọ ọ́ kó dùn. Ó ti sú àwọn èèyàn láti máa ka ọ̀rọ̀ ìjọba."

Àlájì Gàníyù ń ta aṣọ. Ojú ọ̀nà Èkó sí Àjàṣẹ́ ló ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú ayé rẹ̀, nítorí ìyá rẹ̀ ló sì ṣe kọ́ ilé náà. Ìyá Rábì, bí gbogbo àdúgbò ṣe ń pe ìyá àgbà náà, ti sọ fún un nígbà kan pé, "Láti ìgbà tí mo ti délé ọkọ ni mo ti ń wo ẹsẹ̀ àwọn ará ibí yìí. Kí n tó kú, mo fẹ́ wo orí òrùlé wọn." Yàrá òkè tó kọjú sí ojú ọ̀nà ni Àlájì yà sọ́tọ̀ fún un. Ibùsùn rẹ̀ ti wà níbẹ̀. Ẹní ìkírun rẹ̀ ti wà níbẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló kù.

Àwa Mùsùlùmí, ẹsẹ̀ ọ̀tún la fi ń wọlé. Àlájì mú ọ̀rọ̀ yìí dé orí àtẹ̀gùn. Ó sọ fún gbẹ́nàgbẹ́nà pé ẹni tó bá fi ẹsẹ̀ ọ̀tún bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀ gbọ́dọ̀ fi ẹsẹ̀ ọ̀tún náà gúnlẹ̀ sókè. Ìdí nìyẹn tí ipele àtẹ̀gùn náà fi jẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Kò lè jẹ́ mẹ́rìnlá, kò sì lè jẹ́ mẹ́rìndínlógún, torí ẹsẹ̀ òsì ni ìyá ọlọ́jọ́ orí ìbá fi wọ yàrá rẹ̀.

Ràímì ni orúkọ gbẹ́nàgbẹ́nà náà. Ọkùnrin gíga kan ni, ẹni bí ogójì ọdún, tí ilẹ̀kùn àti ibùsùn rẹ̀ wà nínú ọ̀pọ̀ ilé ní àdúgbò. Kò tíì kan àtẹ̀gùn ilé òkè rí. Ilé ilẹ̀ ni ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ máa ń bá ṣe. Ṣùgbọ́n Àlájì yàn án, ó sì ń sọ ìdí rẹ̀ fún ẹni tó bi í àti ẹni tí kò bi í: "Ràímì lọ ilé ìwé. N kò fẹ́ ẹni tó máa fi ojú díwọ̀n. Ẹni tó máa ṣírò ni mo fẹ́."

Lẹ́yìn àdúrà, Ìyá Rábì gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún. Ó fi ọwọ́ kan di igi ìfọwọ́tì mú, ó ń gòkè díẹ̀díẹ̀, àwa tó wà nísàlẹ̀ sì ń wo gìgísẹ̀ rẹ̀. Kò pẹ́ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi mọ ibi tó yẹ kí òun gbé ara òun dé. Kò wolẹ̀ mọ́. Iwájú ló ń wò, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Níbi ipele tó kẹ́yìn, èyí tó gbé èèyàn sórí ilẹ̀ òkè, ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ gbá etí pákó, ó sì dojú délẹ̀. Gèlè funfun rẹ̀ já bọ́, ó ń yí láti ipele dé ipele títí tó fi dúró lẹ́bàá ẹsẹ̀ Ràímì.

Lẹ́yìn náà la gbọ́ ohùn ìyá náà lókè: "Ilé yìí kọ̀ mí."

"Kò kọ̀ yín, Ìyá," ni Àlájì ń wí, ó ń sáré gòkè lọ bá a. Bó ṣe dé ipele tó kẹ́yìn, òun náà kọsẹ̀, ó sì fi àyà gbá igi ìfọwọ́tì. Àbúrò rẹ̀ tó tẹ̀ lé e kọsẹ̀ tẹ̀ lé e. Ìgbà náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, tí wọ́n fi ọwọ́ wọn ipele náà mọ́ èyí tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ó fi ìwọ̀n ìka mẹ́ta ga ju gbogbo àwọn yòókù lọ.

"Ràímì," ni Àlájì pè láti òkè, "kí ni mo fi ṣe ọ́?"

Ràímì mú gèlè náà lọ́wọ́, kò mọ ibi tí yóò gbé e sí. "Àlájì, mo ṣírò rẹ̀ dáadáa. Láti ilẹ̀ dé òkè, mítà mẹ́ta ni, ó dín sẹ̀ńtímítà mẹ́sàn-án. Mo pín in sí ọ̀nà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún bí ẹ ṣe wí. Ọ̀kọ̀ọ̀kan gba mọ́kàndínlógún. Ó ku mẹ́fà."

"Mẹ́fà kí ni?"

"Sẹ̀ńtímítà mẹ́fà."

"Kí lo wá fi mẹ́fà náà ṣe?"

"Mo gbé e sí ìparí," ni Ràímì fèsì. Ohùn rẹ̀ ti ń lọ sílẹ̀. "Ìparí ni wọ́n máa ń gbé èyí tó kù sí."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn mi, ni ẹ̀rín náà bá ràn. Bàbá arúgbó kan tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà ní, "Ẹ ò rí i, ó fi mẹ́fà pamọ́ de ìyá oníyàá." Kó tó di ìrọ̀lẹ́, Ràímì ti ní orúkọ tuntun. Ókùmẹ́fà ni wọ́n ń pè é.

Ìyá Rábì kò sun òkè. Wọ́n fà á sọ̀kalẹ̀ lọ́wọ́ méjèèjì, ó sì padà sí yàrá rẹ̀ àtijọ́ nínú ilé kékeré tó wà lẹ́yìn. Àlájì sọ fún Ràímì lójú gbogbo wa pé, "Kí ààwẹ̀ tó wọlé, kí o tún un ṣe. Bí o kò bá lè tún un ṣe, n ó wá ẹni tó lè ṣe é láti Kùtọ̀nù, gbogbo Àjàṣẹ́ ni yóò sì mọ ìdí tí mo fi wá a."

Ọ̀gá mi kò bìkítà fún ilé náà mọ́ nígbà tí mo jíṣẹ́ fún un. Ràímì ló fẹ́. "Ókùmẹ́fà," ló ń pè lábẹ́ ahọ́n, ó ń rẹ́rìn-ín. "Lọ bá a. Gbọ́ tẹnu rẹ̀. Àwọn òǹkàwé máa fẹ́ràn rẹ̀."

Mo bá a ní ìsọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ ń fá pákó láìsọ̀rọ̀, bí ẹni pé wọ́n ń ṣọ̀fọ̀. Ràímì kò jẹ́ kí n sọ ohun tó gbé mi wá. Ó gbé àpótí fún mi, ó gbá ìyẹ̀fun igi kúrò lórí tábìlì, ó sì mú pẹ́ńsù jáde lẹ́yìn etí.

"Akọ̀wé, mo ti ń retí yín."

"Èmi kẹ̀?"

"Ẹ mọ ìwé. Ẹ bá mi wò ó. Ibo ni kí n gbé mẹ́fà náà sí?"

Ó yẹ kí ẹni tó ń ka ìtàn yìí mọ irú akọ̀wé tí mo jẹ́. Nínú ìròyìn tèmi, èrò kì í ju "ọ̀pọ̀" lọ. Ọ̀gá mi a máa bi mí pé, "Ọ̀pọ̀ mélòó?" n ó sì ní, "Ọ̀pọ̀ gidi." Mo gba ìwé ẹ̀rí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, mo sì ṣe ìṣirò tí wọ́n bi wá nínú ìdánwò, gbogbo ti ọkọ̀ ojú irin méjì tó ń pàdé ara wọn àti ti àmù tó ń kún tó sì ń jò. Àkọ́sórí ni mo fi ṣe é. Lọ́jọ́ tí wọ́n ka orúkọ mi pé mo yege, mo dà á nù bí èèyàn ṣe ń da omi ìfọṣọ nù.

Síbẹ̀, mo gba pẹ́ńsù lọ́wọ́ rẹ̀. Mo pín in lórí pákó. Mọ́kàndínlógún náà ló jáde, mẹ́fà náà ló kù. Mo rántí pé àmì kékeré kan wà tí èèyàn máa ń fi sí àárín nọ́ńbà, èyí tó tẹ̀ bí ìrù aláǹgbá, ṣùgbọ́n n kò rántí ibi tó ń jókòó sí. Mo fi sí iwájú, mo fi sí ẹ̀yìn. Ràímì ń wo ọwọ́ mi bí aláìsàn ṣe ń wo ọwọ́ dókítà.

"Ó dára," ni mo wí nígbà tó yá. "Fún ipele mẹ́fà tó wà lókè ní sẹ̀ńtímítà kọ̀ọ̀kan. Mẹ́fà ti tán nìyẹn."

Ó rò ó. "Mẹ́sàn-án tó wà nísàlẹ̀ ńkọ́?"

"Wọ́n á wà bí wọ́n ṣe wà."

"Ẹ̀gbọ́n, bí èèyàn bá ti tẹ mẹ́sàn-án tó dọ́gba, tí ìkẹwàá wá ga ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí i? Ẹsẹ̀ ò kàwé, ṣùgbọ́n ẹ ò lè tàn án."

A jókòó, àgbàlagbà méjì, a ń wo mẹ́fà lórí pákó. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ kọjá lẹ́yìn wa, ó wò wá, ó sì tètè yí ojú padà. Ràímì mú rándà, ó fá ìṣirò mi kúrò lórí pákó, igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan sì ká jáde pẹ̀lú gbogbo nọ́ńbà mi lára rẹ̀, ó bọ́ sílẹ̀.

"Ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni pé ẹ kò mọ̀ ọ́n," ló wí fún mi. "Tèmi nìkan ti tó."

Mo ti gbọ́ nípa kíláàsì àgbà kan tí wọ́n ń ṣe ní ìrọ̀lẹ́ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ládùúgbò. Mo sọ fún Ràímì. Ó ní òun kò lọ. Mo ní n ó bá a lọ, pé iṣẹ́ ìròyìn ni n ó sọ pé ó gbé mi lọ, kí òun náà sọ pé òun ń sìn mí. Báyìí la ṣe dé ibẹ̀, tí oníkálukú fi ẹnìkejì bojú.

Obìnrin Gùn kan ló ń kọ́ wọn, Tíṣà Àgátà, tí ọjọ́ orí rẹ̀ kò tó ìdajì ti púpọ̀ nínú wa. Ó ń sọ Nàgó, Yorùbá tiwa níbẹ̀, bí ẹni tó ń rọra rìn lórí òkúta, ṣùgbọ́n kò ṣìnà. Bẹ́ǹṣì àwọn ọmọdé la jókòó sí. Orúnkún Ràímì gbá abẹ́ tábìlì, ó gbìyànjú láti fà á jáde, kò ṣe é ṣe. Ó kùn sí mi létí pé, "Èmi ni mo kan bẹ́ǹṣì yìí. Mo rántí pé wọ́n ní kí n mú un fẹ̀ díẹ̀, mo ní ọmọdé ni yóò jókòó sí i."

Mo ṣe iṣẹ́ mi níbẹ̀. Mo bi àwọn tó wà níbẹ̀ ní ohun tó gbé wọn wá. Ọlọ́pàá kan tó ti bọ́ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ sọ fún mi pé, "Mo lè mú olè. N kò lè mú ìdá kan nínú mẹ́ta. Wọ́n ní kí n wọn ojú ọ̀nà tí ìjàǹbá ti ṣẹlẹ̀, mo wọ̀n ọ́n, ọ̀gá mi ní ọ̀nà tí mo kọ sílẹ̀ yẹn, kẹ̀kẹ́ kò lè gba ibẹ̀." Obìnrin aránṣọ kan ní, "Mo máa ń ká téèpù sí méjì, kí n tún un ká, kí n rí ìdá mẹ́rin. Ọjọ́ tí wọ́n bá ní kí n dá síkẹ́ẹ̀tì sí ọ̀nà márùn-ún, n ó sọ pé orí ń fọ́ mi." Awakọ̀ kan tó ń ná ọ̀nà Àjàrá kò fẹ́ kí n kọ ọ̀rọ̀ òun. "Ìyàwó mi rò pé mọ́sálásí ni mo wà," ló wí.

Ní ìrọ̀lẹ́ àkọ́kọ́, Ràímì kò la ẹnu. Ní ìrọ̀lẹ́ tó tẹ̀ lé e, kò la ẹnu. Ààwẹ̀ ń sún mọ́lé. Lọ́jọ́ kan, Tíṣà Àgátà ní kí ẹnikẹ́ni tí ìṣirò bá ń dà láàmú níbi iṣẹ́ mú un wá sójú pátákó. Aránṣọ náà lọ pẹ̀lú síkẹ́ẹ̀tì ọlọ́nà márùn-ún rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, kò sẹ́ni tó tún dìde. Mo fi ìgbọ̀nwọ́ gún Ràímì. Kò mira.

Ọlọ́pàá ọjọ́sí ló sọ ọ́, ó rò pé àwàdà ni. "Tíṣà, ìṣirò kan wà ní Djègan-Kpèvi tó ṣubú lu ìyá kan. Ókùmẹ́fà ni wọ́n ń pe ẹni tó ṣe é. Ẹ bá wa wá ibi tí mẹ́fà náà ń gbé."

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Wọn kò mọ̀ ọ́n lójú. Ràímì bẹ̀rẹ̀ sí í fa ẹsẹ̀ rẹ̀ jáde lábẹ́ tábìlì, mo rò pé ó ń lọ sílé. Ó fà á, bẹ́ǹṣì náà ń ké, gbogbo èèyàn yíjú wò ó. Nígbà tó dìde tán, iwájú ló kọrí sí.

"Èmi ni," ló wí. "Èmi ni Ókùmẹ́fà."

Ẹ̀rín dá. Ọlọ́pàá náà wo ilẹ̀.

Ràímì mú ẹfun, ó kọ 291, ó fi 15 sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ mọ́. Ó pín in bí wọ́n ṣe kọ́ ọ: mẹ́ẹ̀ẹ́dógún wọ mọ́kàndínlọ́gbọ̀n lẹ́ẹ̀kan, ó ku mẹ́rìnlá, ó sọ ọ̀kan kalẹ̀, ó rí mẹ́sàn-án. Ó kọ 19. Ó kọ 6 sísàlẹ̀, ó fa igi sábẹ́ rẹ̀, ó sì gbé ẹfun sílẹ̀.

"Ó tọ̀nà," ni Tíṣà Àgátà wí. "Èé ṣe tí ẹ fi dúró?"

"Ó ti tán."

"Ta ló ní ó ti tán?"

"Tíṣà tó kọ́ mi. Ó ní bí èyí tó kù bá ti kéré ju èyí tí a fi ń pín in, kí a kọ ọ́ sísàlẹ̀, kí a fa igi sí i. Ó máa ń fún mi ní máàkì tó pé."

"Kíláàsì wo nìyẹn, Bàbá?"

Ràímì sọ fún un. Ó ní nígbà ìsinmi ọdún náà ni bàbá òun kú, wọ́n sì mú òun lọ fún ọ̀gá tó kọ́ òun níṣẹ́ pákó. Òun kò padà.

Tíṣà náà wo nọ́ńbà tó wà lójú pátákó. "Tíṣà yín kò purọ́ fún yín," ló wí. "Ọdún tó tẹ̀ lé e ni yóò sọ ìyókù. Ẹ̀kọ́ náà kò tíì parí, ẹ̀yin lẹ ti lọ."

Ó gbé ẹfun padà sí i lọ́wọ́. Ó ní kó fi àmì ìrù aláǹgbá náà sí ẹ̀yìn 19, láti fi hàn pé ibẹ̀ ni odidi parí sí. Ó ní kó fi òdo sí ẹ̀gbẹ́ mẹ́fà. Mẹ́fà di ọgọ́ta. "Sẹ̀ńtímítà mẹ́fà ni mìlímítà ọgọ́ta, àbí kì í ṣe bẹ́ẹ̀? Ẹ wá pín ọgọ́ta sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún."

Ràímì kà á lábẹ́ ahọ́n. "Mẹ́rin."

"Kí ló kù?"

"Kò ku nǹkan."

"Ipele kọ̀ọ̀kan, sẹ̀ńtímítà mọ́kàndínlógún àti mìlímítà mẹ́rin. Gbogbo wọn."

Mo rò pé inú rẹ̀ yóò dùn. Ó padà wá jókòó, ó sì bo ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀ sórí tábìlì tí òun fúnra rẹ̀ kàn. Èmi náà kò lè gbé ojú sókè, torí bí Tíṣà ṣe fi àmì yẹn síbẹ̀ ni mo rántí pé mo ti mọ̀ ọ́n rí. Nígbà tí a ń lọ sílé, ó ní, "Mìlímítà mẹ́rin. Rándà mi ń fá jù bẹ́ẹ̀ lọ láìmọ̀. Ì bá ṣe pé ó le ni, Ẹ̀gbọ́n, ojú ì bá má tì mí tó báyìí."

Ó tú àtẹ̀gùn náà palẹ̀, ó sì tún un kàn láti ìsàlẹ̀. Kò gbà kí ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ bá òun wọ̀n ọ́n. Ààwẹ̀ kò tíì wọlé nígbà tó parí, Àlájì sì pe gbogbo wa padà, àwọn kan náà tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ kìíní, torí ó ní ẹni tó bá rí ìṣubú gbọ́dọ̀ rí ìdìde.

Ìyá Rábì kọ́kọ́ kọ̀. Wọ́n bẹ̀ ẹ́. Ràímì fúnra rẹ̀ dọ̀bálẹ̀ fún un lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá náà wò ó títí, ó ní, "Ìwọ ni wọ́n ń pè ní Ókùmẹ́fà?"

"Èmi ni, Ìyá."

"Dìde. Dúró sẹ́yìn mi. Bí mo bá ṣubú, orí rẹ ni n ó ṣubú lé."

Ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún. Ó ń lọ, Ràímì ń tẹ̀ lé e bí ẹni tó ru ìkòkò. Kò rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí, kò sì wo iwájú. Nígbà tó ku ipele kan, ó dúró, ó mí kanlẹ̀, ó sì gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè gidigidi, ó gbé e de ìka mẹ́ta tó bì í ṣubú. Ìka mẹ́ta náà kò sí níbẹ̀ mọ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ já sórí ilẹ̀ òkè gbì, ara rẹ̀ fì síwájú, Ràímì sì di ìdí ìró rẹ̀ mú. Nísàlẹ̀, a gbọ́ tí ẹnì kan wí pé, "Ó tún ti dé."

Mo wo ojú Ràímì. N kò tíì rí ojú tó ti èèyàn tó bẹ́ẹ̀ rí, lọ́jọ́ kan ṣoṣo tí kò jẹ̀bi.

Ìyá Rábì kò ṣubú. Ó dúró, ó fi ẹsẹ̀ tẹ etí ipele náà wò, ó tún tẹ èyí tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ wò. Ó yí padà.

"Ràímì, mẹ́fà náà dà?"

"Mo ti pín in, Ìyá."

"Fún ta?"

"Fún gbogbo wọn. Kò sí èyí tí kò gba díẹ̀."

"Ṣé bó ṣe yẹ kó rí láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá."

Ó mi orí, ó wọ yàrá rẹ̀, a sì gbọ́ tó ń ṣí fèrèsé. Nígbà tó yá, ó ké sí ọmọ rẹ̀ pé òrùlé ìyá onílé iwájú ti ń jò, kí wọ́n lọ sọ fún un.

Àwọn ará ilé náà ti fi àtẹ̀gùn àkọ́kọ́ yẹn ṣe ọ̀nà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹsẹ̀ wọn sì ti gba àbùkù rẹ̀ mọ́ra. Gbogbo ọjọ́ náà ni wọ́n ń gòkè, tí wọ́n ń tẹ òfo, gbì, gbì. Ràímì jókòó sísàlẹ̀, ó ń gbọ́ ọ. Ó kan àtẹ̀gùn púpọ̀ lẹ́yìn náà, ní Àjàṣẹ́ àti títí dé Akpro-Missérété, kò sì sí èyí tó bi ẹnikẹ́ni ṣubú. Orúkọ náà kò kúrò lára rẹ̀ títí tó fi kú. Ìtàn rẹ̀ tí ọ̀gá mi fẹ́, n kò fún un. Ó bi mí léraléra, mo ń sọ pé n kò tíì rí ìparí rẹ̀.

Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí. Tíṣà Àgátà kọ́ mi dáadáa, mo sì ń kọ iye èrò sínú ìròyìn mi láti ìgbà náà lọ. Ṣùgbọ́n títí di òní, nílé òkè èyíkéyìí tí mo bá ń gùn, bó bá ti ku ipele kan, ẹsẹ̀ ọ̀tún mi á gbéra ju bó ṣe yẹ lọ, á sì já sílẹ̀ gbì. N ó dúró díẹ̀, n ó sì bojú wẹ̀yìn wò bóyá ẹnì kan rí mi.